Southend: pápákọ̀ òfurufú tó ti rójú ogun

Ẹ̀yin èèyàn mi, pápákọ̀ òfurufú Southend ní Essex, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí mà kéré o! Béèyàn bá sọ̀ kalẹ̀ nínú rélùwéè, kó tó mí kanlẹ̀, ó ti dé ẹnu ọ̀nà. Kò sí gìrìgìrì èrò bíi ti Heathrow rárá.

Òyìnbó arúgbó kan ló nawọ́ sí ahéré kọnkéré kan tó rì sínú koríko fún mi, ihò tóóró lára ògiri rẹ̀. Ibẹ̀ làwọn sójà ti ń yọ ẹnu ìbọn nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. RAF Rochford ni wọ́n ń pe ibẹ̀ nígbà náà; RAF ni iléeṣẹ́ ológun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1940, bàálù Spitfire ń gbéra níbẹ̀ lọ kojú àwọn ará Jámánì.

Mo bi bàbá náà pé, "Ṣé ẹ rí i, sà?"

Ó ní ọmọ ọwọ́ lòun nígbà náà, ìyá òun ló ń ròyìn ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ò tíì tán lẹ́nu bàbá tí wọ́n fi pè wá fún bàálù tó ń lọ sí Málágà ní Sípéènì.