Ìṣẹ́jú 20 lábẹ́ omi: ìtọ́jú àkọ́kọ́ fún àgbàlagbà tí iná jó

Bí epo gbígbóná bá dà sí èèyàn lára, tàbí tí sítóòfù kẹrosíìnì bá gbiná, igbe tó máa ń kọ́kọ́ sọ ni "Ẹ gbé ẹyin wá!" Ẹyin kọ́, omi ni. Iná lè ti kú kí ooru ṣì máa se ẹran ara lọ lábẹ́ awọ.

Ẹni tí aṣọ ń jó lára rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó sáré, atẹ́gùn á máa fẹ́ iná náà. Ẹ dá a dùbúlẹ̀, kó máa yí gbirigbiri. Ẹ bọ́ aṣọ tí kẹrosíìnì tàbí omi gbígbóná ti rin. Èyí tó bá ti lẹ̀ mọ́ ara, ẹ gé e yí ká, ẹ má fà á ya. Ẹ tètè bọ́ òrùka, ẹ̀gbà àti aago ọwọ́: bí ìka bá wú tán, òrùka á fún un pa.

Ó wá kan omi tútù tó ń ṣàn, ìṣẹ́jú 20 gbáko. Àwọn èèyàn sábà máa ń dúró ní ìṣẹ́jú méjì mẹ́ta, tí ìrora bá ti rọlẹ̀ díẹ̀. Kò tó rárá. Bí ẹ̀rọ omi ò bá yọ, kí ẹnì kan máa fi ife bu omi látinú bọ́kẹ́ẹ̀tì, kó máa rọra dà á. Bí omi ò bá pọ̀, ẹ tẹ́ aṣọ mímọ́ tó tutù lé e, kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ lemọ́lemọ́, torí ara á tètè mú un gbóná. Títí di wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn tó jó, omi ṣì wúlò. Yìnyín ò dáa ní tiẹ̀: ó ń sún iṣan ẹ̀jẹ̀ kì, ọgbẹ́ á sì jìn sí i. Ẹ fi aṣọ bo ibi tí kò jó, kí òtútù má bàa wọ̀ ọ́.

Ẹyin tútù ń gbé kòkòrò àrùn wọ ọgbẹ́. Ọṣẹ ìfọyín, epo pupa àti iyọ̀, nọ́ọ̀sì á ní láti fọ gbogbo ẹ̀ kúrò kí dókítà tó rí ojú ọgbẹ́, ìrora kejì nìyẹn. GV, oògùn olómi aláwọ̀ àlùkò yẹn, náà ń bo àwọ̀ ọgbẹ́ mọ́lẹ̀.

Ẹ má bẹ́ ìléròrò. Ẹ tẹ́ náílọ̀n fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń bo oúnjẹ lé ojú ọgbẹ́ ní òòró. Ẹ má wé e yípo, torí ibẹ̀ á wú. Ẹ má fi náílọ̀n bo ojú èèyàn o. Aṣọ mímọ́ náà dáa, àmọ́ òwú á lẹ̀ mọ́ ọgbẹ́.

Ẹ kọ aago tí iná jó o sílẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó jó, pẹ̀lú ìka, tó bí ìdá 1 nínú 100 ara rẹ̀. Apá kan jẹ́ 9, ẹsẹ̀ kan 18. Àgbàlagbà tó bá jó kọjá 15 nínú 100 nílò dírípù. Bí wọ́n bá fi mílílítà 4 ṣírò fún kílò kọ̀ọ̀kan àti ìdá kọ̀ọ̀kan nínú 100 tó jó, ti ẹni kílò 70 tó jó 20 á jẹ́ lítà 5.6 láàárín wákàtí 24, ìdajì rẹ̀ ní wákàtí 8 àkọ́kọ́. Àkókò tí iná jó o ni wọ́n ti ń ka 8 náà, kì í ṣe ìgbà tó dé ọsibítù.

Ojú, ọwọ́, àtẹ́lẹsẹ̀, abẹ́, oríkèé: bó ti wù kó kéré, ẹ gbé e lọ. Bákan náà ni iná mànàmáná (ẹ pa iná náà kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ẹni náà), ásíìdì bátìrì, àti ojú ọgbẹ́ tó funfun tí kò dunni: iṣan tó ń mú ìrora mọ̀ ti jó níbẹ̀.

Èyí tó ń kánjú jù ni ẹni tí èéfín há mọ́ inú yàrá. Bí ohùn rẹ̀ bá há, tí irun imú rẹ̀ jó, tí itọ́ rẹ̀ dúdú, ọ̀nà ọ̀fun ń wú nìyẹn, ó sì lè dí láàárín wákàtí díẹ̀, bó tilẹ̀ ń rìn tó ń sọ̀rọ̀. Ẹ gbé e jókòó, ẹ má dá a dùbúlẹ̀, ẹ pe 112. L'Ékòó, 767 náà wà.