Barbara Stanwyck ò gba Oscar, kí ló wá dé?

Sátidé, alẹ́

Àbúrò mi ọkùnrin ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Mo sọ fún un lórí fóònù pé fíìmù Barbara Stanwyck, òṣèrébìnrin Amẹ́ríkà àtijọ́ yẹn, ni mo ń wò láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀, ohun tó sì kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Àǹtí mi, Oscar mélòó ló gbà?" Mo ní kò gba ìkankan, àfi èyí tí wọ́n fi dá a lọ́lá nígbà tó ti dàgbà. Ó ní, "Háà! A jẹ́ pé kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn." Inú bí mi débi pé mo yí ọ̀rọ̀ sí owó iléèwé àwọn ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ ò kúrò lọ́kàn mi, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí kí n tó sùn.

Double Indemnity ni mo wò lálẹ́ òní, fíìmù ọdún 1944 tí Billy Wilder darí. Mo ti wò ó rí, ṣùgbọ́n ìran kan wà níbẹ̀ tí mo tún dá padà wò. Stanwyck ló ń wa ọkọ̀. Ọkọ rẹ̀ jókòó tì í. Àlè rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ adójútòfò, fara pamọ́ sẹ́yìn ọkọ̀. Obìnrin náà yà sí òpópónà kan tó ṣókùnkùn, ó tẹ fèrè lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àmì nìyẹn. Wọ́n pa ọkọ náà síbẹ̀, ṣùgbọ́n àwa tí à ń wòran ò rí bí wọ́n ṣe pa á, torí ojú Stanwyck nìkan ni kámẹ́rà dúró sí. Kò pariwo. Kò yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó tẹjú mọ́ ọ̀nà, nǹkan kan sì rọra là nínú ẹyinjú rẹ̀, bí ẹni tí wọ́n san gbèsè fún. Òun gan-an ló bà mí lẹ́rù ju ẹni tó ń fún ọkùnrin náà lọ́rùn lọ.

Àyà rẹ̀ ti kọ́kọ́ já nígbà tí Wilder gbé ìwé eré náà fún un, torí kò tíì ṣe apààyàn pọ́nńbélé rí. Wilder bi í pé ṣé eku ni àbí òṣèré. Ó ní òun lérò pé òṣèré lòun, ó sì gba iṣẹ́ náà. Wíìgì aláwọ̀ wúrà tí wọ́n gbé kà á lórí ò dáa lójú mi rárá o. Ọ̀gá kan níléeṣẹ́ Paramount náà ní Stanwyck làwọn gbà síṣẹ́, George Washington làwọn wá rí. Ẹni tó bá ti rí àwòrán ara owó dọ́là kan á mọ̀ pé ọkùnrin náà ò parọ́.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni wọ́n ka orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tó ń du Oscar òṣèrébìnrin tó ta yọ jù lọ: fún Stella Dallas ọdún 1937, Ball of Fire ọdún 1941, Double Indemnity, àti Sorry, Wrong Number ọdún 1948. Luise Rainer, Joan Fontaine, Ingrid Bergman àti Jane Wyman ló gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. N kò ní bá Bergman jà, òun náà mọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ti Stella Dallas yẹn ṣì ń dùn mí. Níparí eré náà, ìyá dúró lójú títì nínú òjò, ó ń yọjú wo ojú fèrèsé ilé olówó tí wọ́n ti ń so ọmọ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọkọ. Ọlọ́pàá ní kó máa lọ. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kóun rí ojú ọmọ yẹn nígbà tí ọkọ bá fẹnu kò ó lẹ́nu. Ó ń jẹ etí áńkáṣíìfù rẹ̀, omi ń ṣàn lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ta ló fẹ́ ṣe é jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Ohun tí mo rò pé ó ṣe àkóbá fún un nìyí. Láyé ìgbà yẹn, iléeṣẹ́ fíìmù ló ń ni òṣèré, ìwé àdéhùn ọdún méje ni wọ́n fi ń dè wọ́n mọ́lẹ̀. Bí àsìkò ìdìbò Oscar bá dé, iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan á máa polongo ọmọ tirẹ̀. Stanwyck ò gbà kí ẹnì kan ṣoṣo ni òun. Ó ń ṣe fún Columbia, ó ń ṣe fún Warner, ó ń ṣe fún Paramount, ó ń lọ síbi tí eré tó dáa bá wà. Ó rí owó níbẹ̀ o, torí ìjọba Amẹ́ríkà kà á sí obìnrin tí owó tó ń wọlé fún un pọ̀ jù lọ lórílẹ̀-èdè náà ní 1944, nǹkan bí 400,000 dọ́là. Ṣùgbọ́n kò sí bàbá ìsàlẹ̀ tí yóò bá a tọrọ ìbò.

Bóyá torí pé kò ní bàbá láti kékeré ni kò ṣe wá ọ̀kan kiri. Ruby Stevens lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Brooklyn ní New York ni wọ́n bí i sí, lọ́jọ́ 16 oṣù Keje ọdún 1907, òun sì làbíkẹ́yìn ọmọ márùn-ún. Kò ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ nígbà tí ọ̀mùtí kan ti ìyá rẹ̀ ṣubú láti inú ọkọ̀ ojú irin ìgboro. Oyún wà nínú ìyá náà. Ó kú. Kò pẹ́ sí i, bàbá bá àwọn tó ń gbẹ́ ọ̀nà omi Panama lọ, àlọ rẹ̀ ni wọ́n rí, wọn ò rí àbọ̀. Mildred, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń jó lórí ìtàgé, ló ń ṣe ìwọ̀n tó lè ṣe. Bí iṣẹ́ bá gbé Mildred jáde, ilé alágbàtọ́ kan sí òmíràn ni wọ́n ń gbé ọmọ náà lọ, òun náà sì ń sá kúrò níbẹ̀.

Kò kàwé lọ títí. Ó di ẹrù fún oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan, ó ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì tẹlifóònù, kó tó pé ọmọ ọdún 17, ó ti ń jó láàárín àwọn ọmọge oníjó Ziegfeld ní Broadway, àdúgbò ìtàgé New York. Ní 1926 ni Willard Mack, òǹkọ̀wé eré, fi í sínú eré ìtàgé The Noose, ó sì ní orúkọ Ruby Stevens ò jọ orúkọ òṣèré. Wọ́n ní ara pósítà àtijọ́ kan ni wọ́n ti ṣa orúkọ tuntun náà jọ, Barbara láti ara orúkọ eré, Stanwyck láti ara orúkọ obìnrin tó ṣe é. (Obìnrin tó ti bá wọn ṣiṣẹ́ níbi tẹlifóònù náà ló wá di aláìsàn inú Sorry, Wrong Number, tó wà lórí ibùsùn, tó gbọ́ lórí tẹlifóònù pé wọ́n ń gbìmọ̀ àtipànìyàn. Mo rẹ́rìn-ín díẹ̀ nígbà tí mo rántí.)

Kò lọ síléèwé eré kankan. Frank Capra, tó darí rẹ̀ nínú Ladies of Leisure ní 1930, ló tètè rí ohun tó wà lára rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí kámẹ́rà bá bẹ̀rẹ̀ sí yí ló máa ń tú gbogbo ohun tó ní sílẹ̀. Bí wọ́n bá ní kó tún un ṣe, á ti gbẹ. Capra wá ń fi àwọn òṣèré yòókù dánra wò láìsí Stanwyck níbẹ̀, ó sì ń to kámẹ́rà ju ẹyọ kan lọ kalẹ̀ kó lè gbà á tán lẹ́ẹ̀kan náà. Obìnrin náà kì í sì í wá pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo. Gbogbo ìwé eré ló ti há sórí, tirẹ̀ àti ti ẹlòmíràn. Ó mọ orúkọ àwọn oníná àti àwọn tó ń gbé igi, àwọn yẹn sì fẹ́ràn rẹ̀ ju bí wọ́n ṣe fẹ́ràn ọ̀pọ̀ gbajúmọ̀ lọ.

Ó tún ṣe ohun kan tí n kò lè gbàgbé. Ní 1939, nígbà tí wọ́n ń ya Golden Boy, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún kan tó ń jẹ́ William Holden ni wọ́n fún ní ipa ọkùnrin pàtàkì. Ara ọmọ náà ò balẹ̀, àwọn ọ̀gá sì ti fẹ́ lé e. Stanwyck ní wọn ò gbọdọ̀ lé e. Lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́, á tún jókòó tì í, wọ́n á jọ máa tún eré náà ṣe. Holden di gbajúmọ̀. Ọdọọdún ló ń fi òdòdó ránṣẹ́ sí i. Ní 1978, wọ́n ní kí àwọn méjèèjì wá kéde ẹ̀bùn kan lórí ìtàgé Oscar, Holden dá ètò dúró, ó sọ lójú gbogbo ayé pé obìnrin yìí ló gba òun là. Ojú Stanwyck dàrú, kò mọ èyí tí ì bá ṣe. Holden kú ní oṣù Kọkànlá ọdún 1981. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n fún Stanwyck ní Oscar ìdánilọ́lá, ó sì sọ lórí ìtàgé yẹn kan náà pé Holden ló máa ń fẹ́ kóun gba nǹkan yìí, ọwọ́ rẹ̀ sì ti tẹ ohun tó fẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà.

N kò fẹ́ sọ ọ́ di áńgẹ́lì. Òun àti Frank Fay, ọkọ rẹ̀ àkọ́kọ́, gba ọmọkùnrin kan tọ́ ní 1932. Nígbà tí ọmọ náà dàgbà, òun àti ìyá ò fi bẹ́ẹ̀ fojú kanra mọ́. Ẹni tí ilé alágbàtọ́ jẹ níyà! Mo ti gbìyànjú láti wá àwíjàre fún un, n kò rí i.

Ohun tí ì bá dùn mọ́ mi láti ṣàlàyé fún àbúrò mi ni ti tẹlifíṣọ̀n. Ní 1957, nígbà tí Stanwyck pé ọmọ àádọ́ta ọdún, fíìmù Forty Guns jáde, nínú èyí tó ti gbà kí ẹṣin wọ́ òun nílẹ̀ gan-an nígbà táwọn tó ń fara wewu fún òṣèré kọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà, ọdún márùn-ún kọjá kó tó tún ṣe fíìmù mìíràn. Hollywood ò mọ ohun tí yóò fi obìnrin àádọ́ta ọdún ṣe. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ka tẹlifíṣọ̀n sí ibi tí gbajúmọ̀ ń lọ kú sí. Stanwyck ní ibi iṣẹ́ ni. Iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n NBC fún un ní ètò tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní 1960, ìtàn tuntun lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó gba Emmy, ẹ̀bùn àwọn òṣèré tẹlifíṣọ̀n, fún un ní 1961, wọ́n sì fagi lé ètò náà lọ́dún kan náà. Ẹ ò rí nǹkan! Ẹ̀bùn náà ò gbà á lọ́wọ́ wọn.

The Big Valley ló wá sọ ọ́ di ẹni gbogbo ilé, lórí ABC láti 1965 sí 1969. Ìpín méjìléláàádọ́fà ni wọ́n ṣe, 112 gbáko. Opó ni Victoria Barkley tí Stanwyck ṣe, oko ẹran ńlá ní California sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ eré, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Heath dé, ó ní òun lọmọ tí bàbá ilé bí síta. Àwọn ọmọ ilé fẹ́ lù ú. Ìyá ilé ló gbà á wọlé. Ẹni tó bá dàgbà ní agbo ilé wa mọ bí ìyẹn ṣe wúwo tó, mo sì fẹ́ràn pé Stanwyck ò ṣe é bí ẹni mímọ́. Ó le koko, ó ń gun ẹṣin, ó ń di ìbọn mú, ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ ń dùn ún, ó sì gba ọmọ náà mọ́ra. Emmy kejì ló fi gbà, ní 1966. Ẹ̀kẹta dé ní 1983 fún The Thorn Birds, ó sì fi àsìkò tó yẹ kó fi yin ara rẹ̀ yin Ann-Margret tí wọ́n jọ ń du ẹ̀bùn náà.

Iṣẹ́ tó ṣe kẹ́yìn ni eré tẹlifíṣọ̀n The Colbys, ní 1985 sí 1986. Owó wà níbẹ̀, aṣọ olówó ńlá wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kan sí òmíràn, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń fi sí i lẹ́nu, kìkì aṣọ ló ń yí padà. Ó ti fẹ́ pé ọmọ ọdún 79. Ó ní eré burúkú ni, ó sì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn sáà kan.