"Ọlọ́run á ṣe é" kò túmọ̀ sí "bẹ́ẹ̀ ni": ìrìnàjò wa sí Màpó

Èmi àti obìnrin ará Jámánì kan tó ń ta aṣọ nílùú wọn la jọ wọ ọkọ̀ ojú irin láti Èkó lọ sí Mọ́níyà, n'Íbàdàn. Oṣù Keje ni, òjò ò sì dá. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ló wá rà, pàápàá Ìbàdàndùn, èyí tí wọ́n ya òpó Gbọ̀ngàn Màpó sí. Ó ti kọ ohun tó fẹ́ sọ sínú ìwé: iye owó, iye aṣọ, ọjọ́ tí yóò gbà á. Wákàtí kan péré ló yà sọ́tọ̀.

Ìyá aláró kí wa títí. Ó béèrè ọ̀nà, ó béèrè ọmọ, ó béèrè ìyá obìnrin náà. Àlejò mi ní, "Dáadáa ni," ó sì fa bírò yọ. Ṣé ogójì aṣọ lè jáde kí oṣù tó parí?

Màmá wo ojú ọ̀run. "Ọlọ́run á ṣe é, ọmọ mi."

Mo túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àlejò mi kọ ọ́ sílẹ̀ pé Màmá ti gbà.

Ọmọ Yorùbá wo ni kò ní mọ̀ pé kò gbà? Ẹ̀kọ láfún tí wọ́n ń fi ìyẹ́ adìyẹ yà sára aṣọ gbọ́dọ̀ gbẹ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ láró, òjò ò sì ní jẹ́ kó gbẹ. Màmá kàn ò fẹ́ já àlejò kulẹ̀ lójú ara rẹ̀ ni. Lọ́dún 1976, Edward T. Hall ará Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa àwùjọ tó jẹ́ pé ohun tó yí ọ̀rọ̀ ká ló ń gbé ìtumọ̀, àti èyí tó ń kó gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rọ̀ ẹnu, bíi Jámánì. Àwa tí à ń sọ àbọ̀ ọ̀rọ̀ fún ọmọlúàbí ti mọ apá tiwa tipẹ́. Ẹ̀bi mi ni mo kà á sí: ọ̀rọ̀ ni mo túmọ̀, mi ò túmọ̀ ohun tí Màmá ń wí.

Àlejò mi tún nawọ́ sí òpó kan lára aṣọ, ó ní ó wọ́. Màmá dákẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, aṣọ ló ń bá wí, kì í ṣe ẹ̀yin. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ́dọ̀ wọn nìyẹn."

Mo wá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ òjò fún àlejò mi. Ó pa ìwé dé, ó béèrè bí aró ṣe ń rí nígbà òjò. Ẹnu Màmá bá yọ! Ó lé ní wákàtí méjì. Mẹ́wàá yóò jáde bí òjò bá dáwọ́ díẹ̀ nínú Oṣù Kẹjọ, ọgbọ̀n tó kù di Oṣù Kejìlá.

Kí a tó dìde, Màmá tún béèrè ìyá rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, àlejò mi ní orúnkún ń dun ìyá òun.