Gìtá Alásìíá Tó Wà Lókè Ibùsùn

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Bakersfield ní California nígbà náà, iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Nínú yàrá kan, wọ́n fi gìtá kọ́ ara ògiri lókè ibùsùn bàbá kan. Pupa, funfun, búlúù ni wọ́n kùn ún, bí ẹni pé wọ́n ya àsíá Amẹ́ríkà dáṣọ fún un. Kí n má purọ́, àyà mi já. Ẹni tó bá jẹ́ aláwọ̀ dúdú nílùú yìí mọ ohun tí mò ń sọ: bí ọkọ̀ kan bá ta àsíá méjì sẹ́yìn, èèyàn á kọ́kọ́ wo ojú awakọ̀ kó tó kí i. Mo ní bí mo bá ti fún bàbá yìí lóògùn tán, mo máa bẹ́sẹ̀ mi sọ̀rọ̀.

Jim Reeves, olórin country (orin ìgbèríko Amẹ́ríkà), ló bà á jẹ́. Mò ń tẹ́ ibùsùn lọ́jọ́ kan, mi ò mọ̀ pé mò ń kọ orin ọkùnrin náà lábẹ́lẹ̀. Bàbá yí ojú sí mi: níbo ni ọmọ Áfíríkà ti mọ Jim Reeves? Ẹ̀rín pa mí. Nílé wa n'Íbàdàn, bí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú bá ti mọ́, àwo Jim Reeves ni bàbá mi máa ń gbé sórí ẹ̀rọ, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ pariwo. Mo tún sọ fún bàbá inú yàrá náà pé Sunny Adé ti mú pedal steel, gìtá àwọn olórin country tó máa ń dún bí ẹni ń sunkún, wọnú jùjú. Wọn ò gbà. Mo ṣí i fún wọn lórí fóònù. Wọ́n ní kí n tún un gbé.

Ìgbà yẹn ni wọ́n tó sọ̀rọ̀ gìtá. Irú ti Buck Owens, olórin country ará Bakersfield, ni. Alvis Edgar ni wọ́n sọ ọ́ ní Texas lọ́dún 1929, àmọ́ láti kékeré ló ti gba orúkọ ìbaaka ilé wọn, Buck, fún ara rẹ̀. (Kí ọmọ Yorùbá kan dán an wò lójú ìyá rẹ̀!) Lọ́dún 1937, ìyà lé ìdílé rẹ̀ kúrò ní Texas. California ni wọ́n ń lọ, àfi bí ọkọ̀ ṣe bà jẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ ní Arizona, ni wọ́n bá dúró síbẹ̀. Ọdún 1951 ló tó wọ Bakersfield.

Irú wọn pọ̀, láti Oklahoma, Texas àti Arkansas, tí ọ̀dá àti ebi lé wá já òwú níbí. "Okie" làwọn onílùú ń pè wọ́n, èébú sì ni. Ọmọ Okie ni bàbá inú yàrá náà. Wọ́n ní àwọn ọmọ kíláàsì àwọn máa ń ní kí àwọn padà síbi táwọn ti wá. Mi ò lè fèsì. Wọ́n ti sọ gbólóhùn yẹn gan-an sí mi rí, níbùdókọ̀.

Iléeṣẹ́ Harmony ní Chicago ló ṣe gìtá yẹn, ilé ìtajà Sears ló ń tà á, gìtá olówó pọ́ọ́kú ni. Ní 1969, táwọn ọ̀dọ́ kan ń dáná sun àsíá nítorí ogun Vietnam, Buck ń gbé tirẹ̀ kọ́rùn lórí tẹlifíṣọ̀n. Lójú tèmi, ìwé ìgbélùú ló gbé kọ́rùn: ta ni yóò tún bi í pé níbo ló ti wá? Èmi náà, lọ́jọ́ tí mo búra di ọmọ ilẹ̀ yìí, mo so àsíá kékeré mọ́ agbádá. Ṣùgbọ́n mo ṣì ń wo ojú awakọ̀ o.

Mo pe bàbá mi, mo ròyìn gbogbo rẹ̀. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀.

"Ṣé gìtá náà ṣì ń dún?"

"Okùn rẹ̀ kan ti já, sà."

"Kí lo wá ń wò? Bá bàbá ra òmíràn."

Mo rà á. Mẹ́fà ló wà nínú páálí kan. Márùn-ún ṣì wà nínú báàgì iṣẹ́ mi.