Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lábẹ́ ọkọ̀ Morris Minor

Ẹ̀yin àbúrò mi, ìbéèrè yín ni pé ibo ni èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ bó bá ra ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tó fẹ́ máa fọwọ́ ara rẹ̀ tún ṣe nílé. Abẹ́ ọkọ̀ ni. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ látorí ọ̀dà àti ìjókòó ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Morris Minor ni màá fi ṣàlàyé, torí òun ni mo mọ̀ jù.

Ọdún 1948 ni ọkọ̀ yìí jáde. Alec Issigonis ló ṣètò bó ṣe rí, Cowley ní Oxford ni wọ́n sì ti ń ṣe é. Kí wọ́n tó dáwọ́ rẹ̀ dúró níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, èyí tí wọ́n ṣe ti lé ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀. Pípọ̀ tó pọ̀ yìí ló gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ là, torí pé wọ́n ṣì ń rọ páànù rẹ̀ àti rọ́bà ilẹ̀kùn rẹ̀ ní tuntun títí di òní. Bẹ́ẹ̀ náà ni MGB, ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mìíràn tí wọ́n ṣe ní Abingdon láti 1962 sí 1980. Ọkọ̀ tí kò sẹ́ni tó tún ń ṣe páàtì rẹ̀ mọ́, ẹ má fi kọ́ṣẹ́, bó ti wù kó lẹ́wà tó.

Yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ṣe fún ẹrù, Morris Minor kò ní ṣáísì, ìyẹn férémù irin abẹ́ ọkọ̀, lọ́tọ̀. Bọ́dì rẹ̀ gan-an ló ń gbé ẹ́ńjìnnì, ló ń gbé ẹsẹ̀ ọkọ̀, ló ń gbé èèyàn. Nílùú Gẹ̀ẹ́sì, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù kí yìnyín má baà dì, omi oníyọ̀ yìí á wá ráyè wọnú àwọn irin oníhò tó wà lábẹ́ ọkọ̀, á sì máa jẹ wọ́n látinú wá síta. Ìgbà tí ìpẹtà bá fi máa hàn lójú ọ̀dà, inú ti jẹrà tipẹ́. Ibi tí ẹ óò kọ́kọ́ yẹ̀ wò ni irin gígùn tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn méjèèjì, irin ìdábùú tó gba abẹ́ ìjókòó iwájú kọjá, àti ibi tí sípíríǹgì ẹ̀yìn ti so mọ́ bọ́dì. Irin ìdábùú yẹn ni kí ẹ fojú sí jù, torí òun ni irin tó ń gba ìwúwo iwájú ọkọ̀ dúró ti wá so mọ́. Ẹ gbé mágínẹ́ẹ̀tì lé e. Ibi tí mágínẹ́ẹ̀tì kò bá ti lẹ̀ mọ́ bọ́dì, fílà, ìyẹn ohun rírọ̀ tí wọ́n fi ń dí ihò ara ọkọ̀, ni wọ́n fi dí i. Ẹ fi ẹnu sukurudíráfà gún abẹ́ rẹ̀ dáadáa, bí ẹni tó ń tà á bá gbà. Bí kò bá gbà, ẹ máa lọ sílé.

Bó bá di pé ẹ fẹ́ gé irin abẹ́ ilẹ̀kùn tó ti jẹrà, ẹ kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ dúró kó tẹ́jú, kí ẹ fi irin dábùú ẹnu ilẹ̀kùn, kí ẹ wẹ́ẹ̀dì rẹ̀ mọ́ ọn fúngbà díẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan ni kí ẹ ṣe parí kí ẹ tó kan ìkejì. Ẹni tó bá gé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, àárín ọkọ̀ á wọlẹ̀, ilẹ̀kùn kò sì ní pa dé mọ́ láyé. Ẹ gé ìpẹtà náà dé ibi tí irin ti mọ́ tónítóní. Irin tuntun tí wọ́n lẹ̀ mórí irin tó jẹrà kò gbé ohunkóhun dúró. Tí ẹ bá wẹ́ẹ̀dì tán, ẹ kun ún, kí ẹ wá fún ìda (wax) sínú ihò irin náà kí omi má ráyè mọ́.

Kí ẹ tó tan iná wẹ́ẹ̀dì, ẹ tú báàtìrì kúrò. Abẹ́ búùtù ni táǹkì epo Morris Minor wà, nítorí náà ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ pátápátá bí iṣẹ́ bá ti kan ẹ̀yìn. Ẹ ní omi nítòsí. Ẹ má sì tilẹ̀kùn gáréèjì lọ sùn lẹ́yìn iṣẹ́, torí iná máa ń rá pálá sábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ jọ̀ọ́, jáàkì nìkan kì í gbé ọkọ̀ tí èèyàn wà lábẹ́ rẹ̀. Sítáǹdì irin ni kó jókòó lé. Kò sí ìgbà tí mo máa dákẹ́ lórí ìyẹn.

Ẹsẹ̀ iwájú ló kàn. Irin onísúkúrù tó ń jẹ́ kí táyà yí sọ́tùn-ún sósì, àwọn tó mọ ọkọ̀ yìí ń pè é ní trunnion. Bí kò bá rí gíríísì jẹ, eyín súkúrù rẹ̀ á jẹ tán, á bọ́ lójijì, táyà á sì ṣẹ́ sábẹ́ ọkọ̀. Lẹ́yìn 1,000 máìlì kọ̀ọ̀kan, ẹ fún gíríísì sí i títí tí èyí tó ti dọ̀tí á fi tú jáde. Ẹ má gbé òfin yìí lọ sórí ọkọ̀ Triumph Herald tàbí Spitfire o: ọ́ìlì EP90, irú ọ́ìlì gíà tó ki, ni ti àwọn yẹn ń mu.

Bírékì rẹ̀ kò ṣe é fi ṣeré rárá. Páìpù kan ṣoṣo ló pín omi bírékì sí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bó bá jò níbì kan, kò sí bírékì mọ́ níbì kankan. Ibi tí wọ́n ti ń bu omi náà sí sì fara pamọ́ sílẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ dírẹ́bà, nísàlẹ̀ kápẹ́ẹ̀tì, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ kì í fi wò ó. DOT 4, ìyẹn irú omi bírékì náà, máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dún méjì méjì. Eruku inú bírékì àtijọ́ lè ní asbestos nínú, ohun tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, èyí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin dè ní 1999. Ẹ fi omi rẹ ẹ́ kí ẹ tó nù ún, ẹ má fẹ́ ẹ.

Sípánà ọkọ̀ yìí, íǹṣì ni. Èyí tí wọ́n fi mìlímítà ṣe á bó orí nọ́ọ̀tì rẹ̀.

Ní ti epo, látoṣù kẹsàn-án 2021 ni E10, epo tí ọtí ethanol inú rẹ̀ lè tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ti di epo bẹntiróòlù tó wọ́pọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọtí náà sì ń jẹ rọ́bà páìpù àtijọ́. Ẹ ra E5, tí ọtí inú rẹ̀ kéré sí i, kí ẹ sì pààrọ̀ páìpù náà sí irú èyí tó lè gba ọtí. Bí ọkọ̀ bá ń lọ́ra láti sáré bí ẹ ṣe ń tẹ epo, ẹ kọ́kọ́ wo ọ́ìlì tó wà lórí kábúrétọ̀ SU, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì. Ó lè jẹ́ pé ó ti gbẹ ni.

Wọ́n máa ń di ẹ̀bi wáyà gbogbo ru Lucas, ilé iṣẹ́ tó ṣe iná ọkọ̀ náà. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ibi tí wáyà ti kan bọ́dì ló máa ń dípẹtà. Ẹ fi sáńpépà ha á kó mọ́, iná tó ń ṣẹ́jú á dúró. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ẹnu pọ́sítíífù báàtìrì ni wọ́n so mọ́ bọ́dì Morris Minor láti ilé iṣẹ́. Rédíò òde òní tí ẹ bá so mọ́ ọn bí wọ́n ṣe ń so ó mọ́ ọkọ̀ tuntun, á jóná síbẹ̀.

Látoṣù karùn-ún 2018, ọkọ̀ tó bá ti lé lógójì ọdún, tí wọn kò sì yí padà púpọ̀, kò pọn dandan kó ṣe àyẹ̀wò MOT mọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn àyẹ̀wò ọdọọdún tó ń sọ bóyá ọkọ̀ yẹ lójú títì. Èmi ṣì ń gbé tèmi lọ lọ́dọọdún, mo sì fẹ́ kí ẹ máa gbé tiyín lọ, torí ojú ẹlòmíì á rí ohun tí ojú yín ti mọ́ra.

Ẹ má tíì fowó sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá rí èyí tó wù yín, ẹ pè mí, kí ẹ mú tọ́ọ̀ṣì àti mágínẹ́ẹ̀tì dání, kí ẹ sì wọ aṣọ tí ọ́ìlì lè bàjẹ́. A óò jọ sùn sílẹ̀ wò ó.