Bí Oorun Bá Dá Lójú Ẹni: Wíwá Ìwé Ìtàn Àròsọ Tuntun Lóru

Bí oorun bá dá lójú ẹni lóru, ó sàn kéèyàn máa kà nípa ìwé ìtàn àròsọ tuntun ju kó máa ka ìròyìn lọ. Ìròyìn a máa kó àyà sókè. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ìwé pàápàá lè lé oorun jìnnà bí a kò bá mọ̀ ọ́n ṣe.

Má ṣe é lórí ibùsùn. Bí ìṣẹ́jú 20 bá ti lọ tí oorun kò dé, dìde, jókòó síbòmíràn lábẹ́ iná tó rọra mọ́lẹ̀, kí ara má baà sọ ibùsùn di ibi àìsùn. Ìmọ́lẹ̀ fóònù ń dí melatonin lọ́wọ́, èròjà tó ń sọ fún ara pé ilẹ̀ ti ṣú, nítorí náà dín in kù dé ìsàlẹ̀. Ìwé àtìgbàdégbà tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà ló dára jù.

Àyẹ̀wò ìwé kan ṣoṣo tó gùn ni kó o kà. Àwọn àkójọ “ìwé 20 tó yẹ ní kíkà” ni kó o sá fún: ìlà méjì lórí ìwé kan, o ti tẹ òmíràn, ojú á wá là kedere.

Nínú àyẹ̀wò náà, kọ́kọ́ wá ibi tí lámèyítọ́, ìyẹn ẹni tó kọ àyẹ̀wò náà, ti fa ọ̀rọ̀ yọ látinú ìwé gan-an. Ka ìlà yẹn lẹ́ẹ̀mejì, kó o tó ka ohun tó sọ nípa rẹ̀. Lámèyítọ́ tó ní èdè ìwé kan dùn, tí kò fa gbólóhùn kan ṣoṣo yọ, kò tíì fi nǹkan kan hàn wá. Ìyìn tí wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn ìwé tún wá yàtọ̀: ìpolówó ni. Òǹtẹ̀wé ló máa ń fi ìwé ránṣẹ́ sáwọn òǹkọ̀wé mìíràn kó tó jáde, tí á sì ṣa èyí tó dùn létí lára èsì wọn. Bó o bá rí àmì tó-tò-tó mẹ́ta (…) láàárín ìyìn, ó ní ohun tí wọ́n gé kúrò.

Ní ti ẹ̀bùn Booker, tí wọ́n ń fún ìwé ìtàn àròsọ tí wọ́n fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ, ìwé 13 ló sábà máa ń wà nínú àkójọ àkọ́kọ́, kí wọ́n tó dín in kù sí 6. Èyí tó gùn yẹn ni mo fara mọ́, torí ibẹ̀ làwọn ìwé tó ṣàjèjì jù máa ń wà. Nínú International Booker, tó wà fún ìwé tí wọ́n túmọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, òǹkọ̀wé àti atúmọ̀ jọ ń pín owó ẹ̀bùn náà dọ́gba-dọ́gba. Kọ orúkọ atúmọ̀ sílẹ̀. Bí èdè rẹ̀ bá wù ọ́, ìwé mìíràn tó túmọ̀ lè wù ọ́ pẹ̀lú.

Má ra ohunkóhun lóru. Kọ àkọlé ìwé, orúkọ òǹkọ̀wé àti ìdí kan tó fi wù ọ́ sórí bébà. Nígbà tílẹ̀ bá mọ́, ka ojú ìwé bíi mélòó kan tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Má fi ojú ìwé àkọ́kọ́ nìkan dájọ́, torí ibẹ̀ lòǹkọ̀wé ti ń tún èdè ṣe jù. Dúró dìgbà tí ènìyàn méjì nínú ìtàn náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í bára wọn sọ̀rọ̀.