Èmi tí nǹkan kan ò ṣe

Mi ò ní in lọ́kàn láti kọ nǹkan kan lálẹ́ yìí. Mo ti pa iná, mo ti dùbúlẹ̀, ni ọ̀rọ̀ màmá kan tá a bá pàdé ní ọsibítù bá tún sọ sí mi lọ́kàn.

"Èyí tí nǹkan kan ò ṣe yìí gan-an ló rẹ̀ jù nínú wọn."

Ọmọ rẹ̀ ló ń sọ ọ́ fún. Orí bẹ́ǹṣì tó kọjú sí tiwa ni wọ́n jókòó sí, níwájú yàrá tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́. Àbí ó fẹ́ kí n gbọ́ ni? Àgbà lè kọjú sí ẹnì kan kó jẹ́ pé ẹlòmíì ló ń bá sọ̀rọ̀.

Inú kọ́kọ́ bí mi. Bọ̀ọ̀dá mi ni kíndìnrín rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ mọ́, òun ló wà lórí ẹ̀rọ, abẹ́rẹ́ méjì lápá. Àǹtí mi ló fẹ́ jẹ́ kí wọ́n yọ kíndìnrín kan lára òun fún un. Èwo ni tèmi níbẹ̀? Ojú tì mí, àfi bí ẹni tó jí aṣọ aláṣọ wọ̀.

Lónìí náà, a lọ, a bọ̀. Wákàtí mẹ́rin. Òjò ká wa mọ́ Mókọ́lá. Físà Íńdíà, níbi tí wọ́n ti máa ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ti jáde fún àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ kú àdúrà.

Ohun tí wọ́n kọ sórí físà tèmi ni "Medical Attendant". Íńdíà ní físà tí wọ́n dìídì yà sọ́tọ̀ fún ẹni tó bá sin aláìsàn wá. Mo wò ó títí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀ lára àwọn méjèèjì, wọ́n pò ó pọ̀ láti mọ̀ bóyá ara Bọ̀ọ̀dá á gbógun ti ti Àǹtí, wọ́n wo ọkàn, wọ́n wo ẹ̀dọ̀fóró. Ní tèmi, abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú nìkan, ìyẹn náà torí yẹ́lò káàdì, ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ náà, ó sì gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ 10 ká tó débẹ̀. Dókítà ní ìsinsìnyí náà ni Bọ̀ọ̀dá lè gba tirẹ̀, torí kòkòrò inú abẹ́rẹ́ yẹn ò kú, wọ́n kàn gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀ oògùn tí kì í jẹ́ kí ara kọ kíndìnrín àlejò, kò ní ṣeé gbà mọ́.

Mi ò tiẹ̀ mọ ìdí tí mo fi ń kọ èyí. Bóyá nítorí pé kò sẹ́ni tó yẹ̀ mí wò, kí ni màmá yẹn wá rí?

Oògùn yẹn, wákàtí méjìlá-méjìlá ni, kò gbọ́dọ̀ yẹ̀, títí tí kíndìnrín náà bá fi wà lára rẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ti ń jẹ́ kí fóònù mi máa dún láago mẹ́jọ àárọ̀ àti mẹ́jọ alẹ́, bẹ́ẹ̀ oògùn ò tíì sí. Mo fẹ́ kó mọ́ mi lára ni. Ṣùgbọ́n aago mẹ́jọ àárọ̀ Ìbàdàn, aago méjìlá ààbọ̀ ọ̀sán ni lọ́hùn-ún. Mo ṣírò ó lánàá títí tí mo fi sùn lọ sórí ìwé. Ó yẹ kí n ti tún un gbé síwájú báyìí. Àbí kí n dúró dìgbà tá a bá débẹ̀.

Télọ̀ ti kó ṣòkòtò Bọ̀ọ̀dá wá, méjì, olókùn, ìbàdí rẹ̀ gbòòrò. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ìsàlẹ̀ ikùn, níwájú, ni wọ́n ń fi kíndìnrín tuntun sí, pé àwọn ti àtijọ́ á ṣì wà láyè wọn lẹ́yìn. Rọ́bà á máa ha ojú ọgbẹ́. Ìwé dókítà àti èsì àyẹ̀wò wà nínú báàgì tí mi ò ní jẹ́ kó kúrò lọ́wọ́ mi, pẹ̀lú gbogbo oògùn rẹ̀. Wọ́n á fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tá a máa gbéra. Èmi ni n ó gbé ẹrù. Apá òsì Bọ̀ọ̀dá ò gbọ́dọ̀ gbé nǹkan wúwo, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti so iṣan méjì pọ̀ fún ẹ̀rọ. Tí ẹ bá gbé ọwọ́ lé e, ẹ ó rí i tó ń gbọ̀n, kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, bí ẹ̀rọ ìlọta tó wà ní òpópónà kejì. Tí mo bá fẹ́ sùn, mo máa ń lọ fọwọ́ kàn án. Tó bá ti ń gbọ̀n, ọkàn mi á balẹ̀.

Bóyá òótọ́ ni màmá yẹn sọ.

Ọjọ́ kan náà ni wọ́n máa gbé àwọn méjèèjì wọlé. Yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mo bi wọ́n nínú mọ́tò nígbà tá à ń bọ̀ pé ẹnu ọ̀nà ta ni kí n dúró sí. Àǹtí ní, "Ti Bọ̀ọ̀dá ẹ ni, kí ni mo fẹ́ fi ẹ́ ṣe?" Bọ̀ọ̀dá ní, "Rárá o, ti Àǹtí ẹ. Ara tirẹ̀ yá kó tó wọlé." Ni gbogbo wa bá dákẹ́ títí a fi dé Sáńgò. Mi ò tíì rí ìdáhùn sí i. Mo ti ń wá a láti ìrọ̀lẹ́.

Nǹkan kan wà tí mi ò tíì kọ síbí rí. Láti ìgbà tí wọ́n ti ní kí Bọ̀ọ̀dá máa fi ìwọ̀n mu omi torí kíndìnrín rẹ̀, mi ò mu omi lójú rẹ̀ mọ́. Ó máa ń wo ọ̀fun ẹni tó bá ń mu ún. Ó máa ń wò ó títí onítọ̀hún á fi gbé ife kúrò lẹ́nu, á wá gbé ojú kúrò. Nọ́ọ̀sì ní tí kíndìnrín Àǹtí bá ti ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀, wọ́n á máa ní kó mu omi dáadáa. Ó bi nọ́ọ̀sì náà lẹ́ẹ̀mejì bóyá lóòótọ́ ni.

Ọjọ́bọ̀ la tún padà lọ. Mi ò mọ̀ bóyá n ó kí màmá yẹn.

Mo mu ife omi kan ní kíṣìnì kí n tó jókòó kọ èyí. Mo mu ún lóòró, nínú òkùnkùn, mo sì rọra gbé ife náà kalẹ̀ kó má baà dún.